Ẹni Tó Jókòó Tì Í

Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọdé bá fẹ́ bú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé orí rẹ̀ kò pé, á ní kí wọ́n gbé e lọ sí Yábà Léfìtì tàbí Aro. Ní Niamey, olú-ìlú Niger, níbi tí Odò Ọya ti ń ṣàn kọjá, Pavillon E ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ni, nínú ọgbà Hôpital National. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni tí òògùn olóró tàbí ọtí ti di bárakú fún, tí àwọn ará ilé ti bẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ti nà án, tí wọ́n ti sunkún títí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé e lọ nígbẹ̀yìn. Dókítà ọpọlọ kò pọ̀ ní Niger, ilé ìtọ́jú tí wọ́n dìídì kọ́ fún ẹni tí bárakú mú sì tún ṣọ̀wọ́n jù wọ́n lọ.

Àìsí yẹn ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń kọ nípa rẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì ń kọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ìjọba kò gbà síṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò san owó oṣù fún, òun ló wù mí kí n yìn: ẹni tó bá aláìsàn wá, tí kò padà sílé.

Accompagnant ni àwọn elédè Faransé ń pè é. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó sì lè jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti Dosso nítorí pé òun nìkan ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Yà wọ ọgbà ilé ìwòsàn ńlá ní Niamey láàárọ̀, wàá rí wọn lábẹ́ igi: ẹní ike kan, bútà àlùwàlá, abọ́ oúnjẹ tó ní ìdérí, àpò ọ̀rá tí wọ́n ká ìwé òògùn sí. Ẹni yìí ló ń mú ìwé náà lọ sílé apòògùn, òun ló ń ṣírò owó sẹ́fà tó kù lọ́wọ́, òun ló ń gbé túwó jéró wọlé, òun náà ló ń gbé e jáde bí aláìsàn kò bá fọwọ́ kàn án. Ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, nígbà tí ooru Niamey máa ń kọjá ìwọ̀n 40, ẹní yẹn á máa ṣí kiri tẹ̀lé òjìji igi láti àárọ̀ dalẹ́.

Kí ẹ tó lè mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tó, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń bá aláìsàn jà. Tramadol wà lára olórí wọn ní Niger. Òògùn ìrora ni, ilé iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì ló gbé e jáde lọ́dún 1977, dókítà sì sábà máa ń fún èèyàn ní 50 tàbí 100 mílígíráàmù lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ń ti India wọ etíkun wa, tó wá ń gòkè lọ sí Sahel, máa ń jẹ́ 200 tàbí 225 nínú hóró kan ṣoṣo. Ní oṣù September 2017, ọwọ́ tẹ hóró rẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ní Niger, nínú páálí tí wọ́n tẹ àmì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sí lára. Nàìjíríà ló ti ń bọ̀, àríwá Mali ló ń lọ. Alábàárù ń lò ó kí ẹrù lè fúyẹ́ lórí, ọlọ́kadà ń lò ó kó lè gun alùpùpù mọ́jú, àgbẹ̀ ń lò ó lóko olóko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, fàájì kọ́ ló mú wọn débẹ̀. Agbára iṣẹ́ ni wọ́n wá lọ.

Ìgbà tí wọ́n bá dá a dúró ni ìjà dé. Kí ọjọ́ kan tó pé, imú á máa ṣomi, òógùn á máa dà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ń mú un, ẹsẹ̀ kò ní gbé jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù: inú rírun, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, gbogbo egungun á máa ro ó. Tramadol tún ní tirẹ̀ tí heroin kì í sábà ní: ẹ̀rù tí kò nídìí, ìfura sí gbogbo ènìyàn, ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ara tó rọlẹ̀, oorun a sì tún máa pẹ́ kó tó padà. Lóru bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì kan lè máa ṣọ́ odindi wọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa mọ̀gbà tí ẹkún kúrò ní ẹkún lásán.

Bó bá jẹ́ ọtí ni, ìmọ̀ yẹn ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́, tó wá dá a dúró lójijì láìsí òògùn, gìrì lè gbé e, ọpọlọ rẹ̀ lè dàrú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, ó sì lè kú. Àwọn òògùn bíi diazepam àti fítámì B1 ni dókítà fi ń kápá rẹ̀. Ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ bíi Niamey, ọ̀mùtí mọ ara pamọ́ gan-an (ìlú kan náà tí wọ́n ti pọn Bière Niger fún ọjọ́ pípẹ́ o!), àrùn rẹ̀ á sì ti jinlẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ọmọ Yorùbá kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi iyì ẹni tó jókòó ti aláìsàn han gbogbo ayé. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro. Aláìsàn kì í dá wá; ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ẹni tó lè dáná, tó lè fọṣọ. Àwọn méjèèjì á gba yàrá lọ́wọ́ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á sì padà sáàárín àwọn tó ń roko, tó ń gún iyán, tó ń parí ìjà. Nígbà tó yá, Henri Collomb, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, jẹ́ kí ìbátan máa bá aláìsàn gbé nínú wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn Fann, ní Dakar. Ní Yúróòpù ìgbà náà, ẹnubodè ni ìbátan ti ń dágbére. Ní Fann kan náà ni wọ́n ṣí ibùdó CEPIAD sí ní December 2014, níbi tí ẹni tí heroin ti di bárakú fún ti ń mu methadone, òògùn tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, lójoojúmọ́, tó sì ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìtọ́jú ń dà bí ẹbí bá ju ọmọ sílẹ̀ lọ, ẹ rántí Rigasa ní Kaduna. Ní September 2019, àwọn ọlọ́pàá bá ọmọkùnrin àti àgbà ọkùnrin tó lé ní 300 nínú ilé kan níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ilé kéwú àti ilé ìtúnṣe ni wọ́n pè é. Àwọn òbí kan ló fi ẹsẹ̀ ara wọn mú ọmọ lọ síbẹ̀, tí wọ́n tún sanwó, nítorí pé ìgbó tàbí hóró ti gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Mi ò fi èyí bú gbogbo ààfáà. Ní Niamey, ọ̀dọ̀ ààfáà tàbí ọ̀dọ̀ zima, babaláwo àwọn Zarma, ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó rántí Pavillon E. Hàǹtú tí wọ́n fọ̀ kúrò lára wàláà kò lè dá èébì ọjọ́ kejì dúró, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ààfáà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gba aláìsàn láìbéèrè ẹni tó máa dúró tì í.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Niamey, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní ọgbọ́n tiwọn: kí wọ́n fi ọmọ tí bárakú mú ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé. Ìyá àgbà mọ̀ọ̀yàn jókòó tì, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà àti àjọ UNODC gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni lílo òògùn olóró ti pọ̀ jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà: ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64. Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ sá fún ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ewu tó kù wà lẹ́yìn ìwòsàn. Ara tó ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè gba iye hóró tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́; ẹni tó bá padà sí i ní ìwọ̀n àtijọ́ lè kú sí i. Ibi tó sì máa padà sí ni fada, ìjókòó àwọn ọ̀dọ́kùnrin lẹ́bàá ọ̀nà, tí òǹkọ̀wé Adeline Masquelier kọ odindi ìwé lé lórí lọ́dún 2019. Ìkòkò tíì kékeré wà lórí èédú, wọ́n á pò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ti àkọ́kọ́ á korò, ti ìkẹyìn á dùn, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ títí di òru. Fada mìíràn, àdúrà àti wáàsí ló kó wọn jọ. Òmíràn, hóró ń gba abẹ́ ife lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni dókítà tó ń dá aláìsàn sílẹ̀, màá bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè fada tí àbúrò rẹ̀ ń jókòó sí, ẹni tó ń po tíì níbẹ̀, àti bóyá òun náà á lè máa yà síbẹ̀ lálaalẹ́ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.