Pálọ̀ Tí Kò Mọ Orúkọ Onílé

Tí ẹ bá wọ pálọ̀ ilé àtijọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ tàbí nínú ìgboro Ìkòròdú, ẹ gbójú sókè. Nítòsí àjà ni fọ́tò wà: bàbá àgbà jókòó, ó tẹ́ agbádá, ó gbọ́wọ́ méjèèjì lé orúnkún, ọmọ tó gboyè dé fìlà onígun mẹ́rin. Wọ́n dẹ férémù síwájú díẹ̀, bí ẹni pé àwọn ará inú ẹ̀ ń wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kàlẹ́ńdà ìsìnkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọdún orí ẹ̀ ti kọjá tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́.

Ẹ wá wọ ilé tuntun. Ògiri aláwọ̀ eérú, POP onípele méjì, iná LED tó fara pamọ́ sínú ẹ̀, pákó onílà lẹ́yìn tẹlifíṣàn, àti àwòrán kan tí wọ́n rà torí pé àwọ̀ ẹ̀ bá ti àga mu. Ó rẹwà, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá di wá lójú wọ ibẹ̀, a ò ní mọ̀ bóyá Ìkòròdú la wà àbí Dubai, ká má tíì sọ ilé ta ni.

Ohun tí a rí nìyí: wọ́n ṣe pálọ̀ àtijọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó níbẹ̀. Ojú fóònù ni wọ́n ń ṣe tìsìnyí fún.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ayé àtijọ́ la fẹ́ máa yìn. Àṣehàn wà nígbà yẹn náà. Ṣóòkéèsì kún fún abọ́ tí ọmọ kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Rọ́ọ̀gì ń kó eruku jọ, gbogbo ilé ń wúkọ́. Àga tó dáa jù, ti bàbá ni.

A ò sì sọ pé ohun tó ti òkè òkun wá ò dáa. Ilé tí à ń pè ní ti àtijọ́ yìí gan-an, àṣà tuntun ni nígbà kan. Àwọn Àgùdà tó padà wá láti Brazil ló mú un dé Èkó. Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí João Baptista da Costa ṣiṣẹ́ ẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ lè lọ wò. Ọ̀sà ló so Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú mọ́ Èkó, àṣà náà sì dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ṣe tiwọn: ọ̀ọ̀dẹ̀ la ilé já, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, ẹbí gba ibẹ̀, afẹ́fẹ́ náà gba ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò náà rí. Òyìnbó ló ni kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ní 1978, Stephen Sprague kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn African Arts pé Yorùbá ti ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà ya fọ́tò: ìjókòó iyì, ojú tó kọjú síni gan-an.

Ṣé pálọ̀ aláwọ̀ eérú ti gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká bi ooru. Tí ẹ bá ṣí fèrèsé louvre, bí i gbogbo ojú ẹ̀ ló ṣí. Lóòótọ́, eruku ń gbabẹ̀ wọlé, olè náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ṣùgbọ́n sliding, ìdajì péré ló ń ṣí. Gíláàsì tí ẹ tì síbí ti lọ bo ọ̀hún. POP tún fa àjà wálẹ̀, ooru ò ríbi gòkè lọ. Ìlú méjèèjì wà létí ọ̀sà, a wá ń fowó ra atẹ́gùn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A sókè, ọ̀pọ̀ ń wo ẹ̀rọ amúlétutù láì tàn án. Fọ́tò ilé náà kì í làágùn; àwa tí à ń gbénú ẹ̀ là ń làágùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìsìnkú ni ohun tó ń dùn wá jù ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ á pe kunlékunlé, wọ́n á sọ fọ́tò kalẹ̀, wọ́n á kó o sí yàrá ẹ̀yìn, ikán á gbà á. Ayafọ́tò ti kú, ẹ̀dà míì ò sí. Nígbà tí wọ́n wó Ilojo Bar l'Ékòó ní oṣù kẹsàn-án 2016, ilé tó ti jẹ́ ohun ìrántí ìjọba láti 1956, ariwo ta. Ta ló máa pariwo fún bàbá tí ikán jẹ ojú ẹ̀?

Àgbà ní ilé làá wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tí wọ́n bá bímọ sílé aláwọ̀ eérú yìí lónìí, ibo ni ìyá àgbà máa wò?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń yá ilé gbé, a ò lè pààrọ̀ fèrèsé onílé. Ṣùgbọ́n kí kunlékunlé tó dé sílé bàbá yín, ẹ sọ àwọn fọ́tò yẹn kalẹ̀ fúnra yín. Ẹ gbé wọn lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, ẹ bi í pé ta nìyí, kẹ́ ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn ẹ̀. Tí ọ̀dà bá gbẹ, ẹ gbé ó kéré tán ọ̀kan padà sókè. Ògiri eérú náà á gbà á.