A Ṣi Àpilẹ̀kọ Black Kà

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ fi àwòrán chip tó ń ṣe hàn mí. Gbogbo wáyà inú rẹ̀ ló fẹ̀ bíi títì márosẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Prof, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé wáyà tó bá fẹ̀ ló ń pẹ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí òótọ́ ni. Mo wá padà lọ ka àpilẹ̀kọ tí James R. Black ti Motorola kọ ní 1969.

Àpilẹ̀kọ náà dáa. Ó ṣàlàyé bí electron ṣe ń ti átọ́ọ̀mù aluminium lọ díẹ̀díẹ̀, bí àgbàrá ṣe ń wọ́ yẹ̀pẹ̀, títí wáyà á fi já. Nínú ìṣirò rẹ̀, bí iná tó ń gba inú wáyà kan náà bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé wáyà á dín kù di ìdámẹ́rin. Ooru tún ń dín in kù sí i.

Àmọ́ iná tó ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo ni Black dán wò. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà tó ń gbé iná wọ inú chip ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn fẹ̀. Wáyà àmì yàtọ̀. Bí àmì bá di 1, iná á wọlé. Bó bá di 0, á padà. Átọ́ọ̀mù tí wọ́n tì lọ, wọ́n á tún tì í bọ̀. Ooru ni ká máa ṣọ́ níbẹ̀, torí àlọ àtàbọ̀ iná ló ń mú wáyà gbóná.

Ṣé ẹ wá rí i? Wáyà tí capacitance rẹ̀ jẹ́ 100 fF, tó ń kún dé 1 V tó sì ń ṣófo ní ìyípo 1 GHz kọ̀ọ̀kan, ń fa 0.1 mA ní ìpíndọ́gba. Bí ẹ bá mú un fẹ̀, capacitance á pọ̀ sí i, iná tó ń fà náà á sì pọ̀ sí i. Ẹ ń sá fún iná, ẹ tún ń pè é wá.

Gígùn wáyà náà ò sí nínú ìṣirò Black. Ní 1976, I. A. Blech fi hàn pé wáyà tó kúrú tó lè má já rárá, torí átọ́ọ̀mù tó kó jọ lápá kan á máa ti àwọn tó ń bọ̀ padà.

Black ò parọ́. Èmi ni mo fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó pinnu bí wáyà kan ṣe máa fẹ̀ tó, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé iná rẹ̀ ń padà? Báwo ló ṣe gùn tó?