Ògbójú kì í ṣe ògbóǹtarìgì

Ní ọdún 1938, D. O. Fágúnwà pe ìwé rẹ̀ ní *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa ka ògbójú, akọni àti ògbóǹtarìgì sí ọ̀kan náà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ògbóǹtarìgì ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀; akọni ni ẹni tí ìlú ń fi ìgboyà rẹ̀ yangàn; ògbójú kò mọ ẹ̀rù, olè pàápàá sì lè jẹ́ ògbójú. Nígbà tí Olaoye Abioye túmọ̀ ìwé náà sí èdè Faransé, «preux» ni ó lò. Ọ̀rọ̀ náà níyì, ṣùgbọ́n ó ti dé ọdẹ ládé kí ó tó wọ igbó. Àkọlé Fágúnwà kò kánjú bẹ́ẹ̀: àyà ọdẹ nìkan ni ó kọ́kọ́ fi hàn wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí gbogbo ẹni tí ó yege ìdánwò bá di ògbóǹtarìgì, orúkọ wo ni a ó fi sílẹ̀ fún àgbà ọ̀jẹ̀?