Ìkòkò Tí Ó Ń Pẹ́

Kò sí ìkọ́kọrẹ́ tó dùn nínú ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ bi àwọn ìyá wa ní Ìkẹ́nnẹ́: ewùrà á ti jó nídìí kí òkè rẹ̀ tó jinná. Ìkòkò alumíníọ́mù tó nípọn ni tiwọn.

Mo kan sáárá sáwọn tó ń da ìkòkò náà. Píìsìtìn ọkọ̀ àlòkù àti agolo ni wọ́n ń yọ́. Wọ́n á ri ògbólógbòó ìkòkò mọ́ inú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná tó rin, wọ́n á gún un le, wọ́n á wá rọra yọ ọ́. Ojú àpá yẹn ni wọ́n ń da alumíníọ́mù yíyọ́ sí. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ya pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ bàjẹ́.

Nínú Bíbélì, Hírámù ará Tírè náà ṣe irú rẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì, láàárín Súkótì àti Sárétánì, ló ti da ìkòkò idẹ fún Sólómọ́nì. Nínú Léfítíkù, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n bá fi bọ ẹran ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀, fífọ́ ni. Ti idẹ, fífọ̀ ni. (Àmì ohùn lásán ló gba ti idẹ là!)

Ìkòkò ìyá mi ti dúdú nídìí bí èédú. Inú rẹ̀ ṣì ń dán.