Ìlù Ni Ojú Lágbájá

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, wọ́n sin Fẹlá Aníkúlápó Kútì síwájú ilé rẹ̀ ní òpópónà Gbémisọ́lá, ní Ìkẹjà, lẹ́yìn tí èrò rẹpẹtẹ ti lọ wò ó kẹ́yìn ní Tafawa Balewa Square. Ní ọdún yẹn kan náà, ní Ọ̀pẹ̀bì tí kò jìnnà sí ibojì náà, ọkùnrin kan tí àwọn òǹwòran kò rí ojú rẹ̀ rí ṣí gbàgede orin kan tí ó sọ ní Motherlan'. Wọ́n kọ́ ọ bí ojúde abúlé, irú ibi tí tọmọdé tàgbà ń péjọ sí lábẹ́ òṣùpá láti pa àlọ́ àti láti jó. Lágbájá ni ọkùnrin náà ń jẹ́.

Orúkọ tí kì í ṣe orúkọ ni. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tàbí ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ, á ní Lágbájá, á ní Làmọ̀rín. Àwọn ìwé ìròyìn ti kọ ọ́ tipẹ́ pé Bísádé Ológundé ni orúkọ àbísọ olórin náà, kò sì ba nǹkan kan jẹ́, torí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí ló gbé e dé ìdí ìbòjú. Ẹni tó bá mọ Ìkẹjà yóò tètè lóye rẹ̀. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Guinness ti ń pọn ọtí níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ àti táyà sì tò lọ ní títì Ọba Akran. Láti Agége, Ìfàkò àti Muṣin ni òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ wá ní ìdájí. Bí wọ́n bá ti wọ ẹnu géètì, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, nọ́ńbà ara káàdì ni wọ́n sì fi ń mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì. Lágbájá ni gbogbo wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀ ni olórin náà kó ẹgbẹ́ kékeré kan jọ. Àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Ìkira jáde ní ọdún 1993, ọdún tí ìjọba ológun fagi lé ìdìbò June 12. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e, abẹ́ Ọ̀gágun Abacha ni gbogbo ìlú wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1996, ní Orégùn, lẹ́bàá àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà, ni wọ́n ti yìnbọn pa Kúdíràtì Abíọ́lá, ìyàwó ẹni tó jáwé olúborí nínú ìdìbò náà, ní òwúrọ̀. Irú ìgbà tí Motherlan' ṣílẹ̀kùn nìyẹn.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Lágbájá, ìbòjú ni wọ́n sábà máa ń gbá mú. Kò burú, nítorí ohun tí ojú kọ́kọ́ rí nìyẹn: àǹkárá lónìí, aṣọ òkè lọ́la, gbogbo orí ni aṣọ bò mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní eégún ni. Ó jọ eégún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí á wo ẹnu rẹ̀. Ará ọ̀run ni eégún. Ẹ̀kú bò ó látòkè délẹ̀, ó sì máa ń yí ohùn padà kí ẹnikẹ́ni má bàa rántí pé ọmọ aráyé ló wà nínú rẹ̀. Ìbòjú Lágbájá ní ihò lẹ́nu, nítorí ẹni tó wọ̀ ọ́ fẹ́ fun fèrè saxophone. Ihò kékeré yẹn sọ púpọ̀. Òṣìṣẹ́ ló wà nínú aṣọ yìí, ó sì fẹ́ ráyè ṣiṣẹ́.

Kí wá ni iṣẹ́ náà? Ìlù ni. Ìbòjú kàn ń palẹ̀ ojú olórin mọ́ kí ojú ìlù lè hàn ni.

Láti rí bí ohun tó ṣe ti tóbi tó, ó yẹ kí á rántí ibi tí ìlù wà nínú orin ìgboro Èkó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Túndé King ń kọ jùjú ní àwọn ọdún 1930, kò sí gángan nínú rẹ̀. Ọdún 1948 ni Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú un wọlé, I.K. Dairo àti àwọn tó tẹ̀ lé e sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbè ni ìlù jẹ́ nínú jùjú. Olórin á sọ̀rọ̀, gángan á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ọlọ́jọ́ ìbí bá wá sójú agbo, gángan á kì í títí owó á fi máa lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ìránṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ ni. Nínú afrobeat ti Fẹlá ńkọ́? Ìlù òyìnbó Tony Allen ni òpó tó gbé ilé ró, àwọn fèrè ló sì ń gbé orin. Dùndún kò ní àga níbẹ̀.

Lágbájá kó ìlù wá síwájú ní ìdílé-ìdílé. Dùndún àti gángan wà, bàtá wà, sákárà wà, ògìdo tó jẹ́ ọmọ gbẹ̀du náà wà. Gìtá báàsì, dùrù àti ìlù òyìnbó wá wá àyè tiwọn sáàárín wọn. Ní orí ìtàgé rẹ̀, àwọn onílù kì í fara pamọ́ sẹ́yìn olórin. Iwájú ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n sì máa ń jó bí wọ́n ṣe ń lù.

Èyí ju ọ̀rọ̀ ibi ìdúró lọ. Dùndún ń sọ̀rọ̀ nítorí pé èdè wa gan-an fúnra rẹ̀ jẹ́ orin. Bí onílù bá fún ọṣán mọ́ apá, ohùn á ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Gúdúgúdú kò kúrò lójú kan, ìyáàlù ló ń rojọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò tó ìlù í sọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló pín ohùn kan náà láàárín ara wọn, ìdí nìyẹn tí onílù fi máa ń fa gbólóhùn gùn, tó ń lo òwe àti oríkì tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìlù ṣe olórí orin kò lè kọ orin bí ẹni tó jókòó ti dùrù. Ó gbọ́dọ̀ ti ẹnu ìlù kọ ọ́, kí ó jẹ́ gbólóhùn tí awọ lè pè.

Lórí Konko Below, tó jáde ní ọdún 2000, ni èyí ti dára jù lọ. Ẹ wo àkọlé náà: ìdajì rẹ̀ dún bí ìlù ṣe ń dún, ìdajì tó kù jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí Èkó ti sọ di tirẹ̀. Orin ijó ni, ó ń pe oníjó kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí i, kí ìdí fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ìlù ló ń pàṣẹ yìí, ohùn èèyàn ń tún un sọ. Àyípadà gidi nìyẹn: ẹni tó ń gbè tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń dá, ẹni tó ń dá ti di ẹni tó ń gbè. Ego Ihenacho, tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, ló di ojú tí àwọn òǹwòran ń rí nínú ẹgbẹ́ náà, kí ó tó lọ dá kọ orin tirẹ̀. Bí ó ṣe ń fi ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé ìlù Yorùbá láìṣìṣe jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó bá fi etí sílẹ̀ ni ìlù ń bá sọ̀rọ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti bí i.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1968, nígbà tí orin rọ́ọ̀kì ń pariwo ní gbogbo ìgboro, ẹgbẹ́ The Band gbé àwo Music from Big Pink jáde, wọ́n padà sídìí orin ará oko, orin ìjọ àti búlúùsì. Orin tí wọ́n ń pè ní rọ́ọ̀kì onígbòǹgbò yọ láti ibẹ̀. Iṣẹ́ Lágbájá jọ tiwọn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tirẹ̀ kò sí níbi àtijọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, ní Agége, wọ́n ṣì ń fi àtíbàbà dí òpópónà, gángan ṣì ń kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà, ariwo jẹnẹrétọ̀ ń bá a du afẹ́fẹ́. Kò sí ohun tó kú tí ó ní láti jí. Ó kàn mú onílù kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ó wá jókòó sórí àga.

Ní ọdún 2000 kan náà, ó fún àwọn àwo rẹ̀ méjì ní orúkọ WE àti ME, ó sì fi Abàmì bu ọlá fún Fẹlá. Ọlá náà tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣe àwọn méjèèjì yàtọ̀ pátápátá. Fẹlá ń ṣí àyà sílẹ̀ gbayawu, ó ń pe orúkọ ara rẹ̀ sókè, gbogbo ayé ló mọ ilé rẹ̀, títí kan àwọn sójà tó dáná sun ún ní oṣù kejì ọdún 1977. Ọmọlẹ́yìn rẹ̀ yan aṣọ.

Ibì kan wà tí iṣẹ́ yìí ti mẹ́hẹ, ó sì yẹ kí á sọ ọ́ nítorí ìfẹ́ tí a ní sí i. Africano ni Lágbájá ń pe irú orin rẹ̀, ó sì fi orúkọ náà sọ àwo tó gbé jáde ní ọdún 2005. Never Far Away, orin ìfẹ́ tó tutù pẹ̀sẹ̀, ló gba ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn nínú rẹ̀. Ó dùn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ tí awọ lè mú. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ìlù lè ṣe ọ̀ṣọ́, ó lè mú ẹsẹ̀ dọ́gba, kò lè sọ ohunkóhun. Ó padà di ìránṣẹ́, nínú àwo tó ń jẹ́ orúkọ irú orin tó fi ìlù ṣe olórí gan-an.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gba ìbòjú náà ló kù. Ẹ̀kú eégún ní ìdílé tó ni ín. Bí baba bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọmọ á gbé e wọ̀, eégún á sì jáde lọ́dún tó ń bọ̀ láìyẹ̀. Ìbòjú Lágbájá kò tíì ní ìdílé. Àwọn onílù ní tiwọn ní Àyàn, bàbá wọn ló kọ́ wọn, àwọn náà sì ń kọ́ ọmọ wọn.

Kò sí ẹni tó ti ní kí ọ̀kan nínú wọn wá bọ́ sínú aṣọ náà.