Mọ́sálásí Olójú Ṣọ́ọ̀ṣì

Láti Sakété títí dé Pobè, ilẹ̀ pupa la fi ń mọlé. A ó bomi sí i, a ó fẹsẹ̀ gún un, a ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kó gbẹ, ká tó gbé òmíràn lé e. Bí ènìyàn bá kọjá Pobè sí apá òkè, tó wọ àfonífojì Lama, ilẹ̀ dúdú ni yóò bá níbẹ̀, èyí tó ń wú lójò tó sì ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Mọlémọlé tó mọṣẹ́ kò ní fi ṣe ògiri. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí nà dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, òun ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ògiri ilé Àgùdà (ilé àwọn tó ti Brazil padà wá) tó ń wó lọ níbẹ̀.

Nínú gbogbo ilé Àjàṣẹ́, Mọ́sálásí Ńlá àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ní nǹkan bí 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé gogoro méjì dúró lọ́tùn-ún àti lósì, òpó lẹ̀ mọ́ ògiri iwájú, òdòdó tí wọ́n fi ìrẹ́lé mọ wà káàkiri, wọ́n sì fi oríṣiríṣi ọ̀dà kùn ún. Ẹni tó bá ti rí ṣọ́ọ̀ṣì Páàdì ní Salvador, ní Bàhíà ní Brazil, yóò máa fojú wá àgbélébùú.

Àwọn kan máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí ẹrú dìtẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ Yorùbá padà sí etíkun wa, iṣẹ́ bírìkìlà àti káfíńtà sì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn nínú wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ní Èkó náà, Àgùdà ni João da Costa tó kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894. Bí Mùsùlùmí bá ní kí irú wọn bá òun kọ́lé Ọlọ́run tó gbayì, kí ni kí wọ́n kọ́? Inú ilé ló kọjú sí Mẹ́kà. Ojú ìta, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ibi tí ìrẹ́lé ti bọ́ ni mo máa ń pẹ́ sí jù, torí ibẹ̀ ni inú iṣẹ́ ti ń hàn. Etí tó yọ sóde lókè ògiri, ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ rò pé wọ́n kàn fi ọwọ́ mọ ọ́n ni. Wọ́n á kọ́kọ́ ti bíríkì jáde díẹ̀díẹ̀, ìlà kan lórí èkejì, títí yóò fi ní egungun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé páànù pẹlẹbẹ sí bátànì etí náà, wọ́n á kàn án mọ́ pákó, wọ́n á sì fà á gba orí ìrẹ́lé tútù lọ tààrà. Ẹni tó ń fà á kò gbọdọ̀ dúró lágbede méjì, torí ojú ibi tó bá dúró kì í parẹ́. Ní igun, páànù kò lè yí; ọwọ́ ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń mọ ọ̀gá.

Sìmẹ́ǹtì ló ń pa àwọn ilé Àgùdà báyìí, ju òjò lọ. Bí ògiri amọ̀ bá ti ṣí, wọ́n á rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì kó lè le. Omi tó ń gòkè láti ìpìlẹ̀ kò ní rọ́nà jáde mọ́. Ògiri á máa rà nínú, títí odindi ìrẹ́lé yóò fi ya lulẹ̀ tòun tamọ̀. Mo ti kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Sakété, olówó sì bínú sí mi.

Bí wọ́n bá ní kí n fọwọ́ kan mọ́sálásí Àjàṣẹ́ yẹn, òrùlé ni màá kọ́kọ́ gùn. Màá wo ibi tí páànù ti dípẹtà, àti ọ̀nà tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ilé gogoro méjèèjì. Ọ̀dà ló máa kẹ́yìn.