Níbo Ni Àlejò Yóò Ti Jẹun ní Àkótógbò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Bí àlejò bá wọ ìlú, kí ó tó béèrè ààfin ọba tàbí ilé-ẹ̀kọ́, ibi tí yóò ti jẹun ni ó ń béèrè. Ìbéèrè yìí dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ó yó, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ìlú bá fún un ń fi irú ojú tí ìlú náà fi ń wo ara rẹ̀ hàn. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a gbé ilé oúnjẹ yẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé ewì tàbí ìtàn àròsọ yẹ̀wò: kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a wo ọ̀nà tí a gbà ṣe é, kí a sì béèrè ohun tí a yọ sílẹ̀.

Àkótógbò wà ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì jìnnà sí ibi tí ilẹ̀ Yorùbá ti bá ilẹ̀ Ẹdó pààlà. Kì í ṣe ìlú ńlá bí Èkó tàbí Ìbàdàn. Ní irú ìlú báyìí, etí ọjà àti ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí ni àlejò ti ń rí oúnjẹ rà. Ohun tí a sì sábà ń bá lọ́wọ́ olóúnjẹ jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá ni ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹ̀bà, fùfú, iyán àti àmàlà. Kò sí ohun tí ó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kan wà tí a fi ń mọ ọmọ Ìkálẹ̀ àti ọmọ Ìlàjẹ, òun ni púpurú. Ilé oúnjẹ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí kò bá ní in dà bí ìwé ìtàn ìlú tí kò dárúkọ ẹni tí ó tẹ ìlú náà dó.

Iṣẹ́ púpurú kì í ṣe iṣẹ́ wéré. A ó wa gbágùúdá, a ó bó o, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. Rírẹ àti kíkan yìí ni ó ń dín oró inú gbágùúdá kù. A ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n róbótó bí bọ́ọ̀lù, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná, kí ooru àti èéfín máa gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ó bá gbẹ, ara rẹ̀ a dúdú. A ó fá dúdú náà kúrò, funfun inú rẹ̀ a sì yọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó gún un, tí a ó jọ̀ ọ́, tí a ó sì rò ó nínú omi gbígbóná bí ẹni ń ro àmàlà. Ọbẹ̀ marúgbó bá a mu púpọ̀, ọbẹ̀ dúdú tí orúkọ rẹ̀ ti ara ewé tí a fi ń sè é wá, pẹ̀lú ẹja àti edé láti etí omi.

Ẹni tí ó bá fi púpurú wé àmàlà yóò rí i pé ilẹ̀ ni ó kọ́ni ní ṣíṣe àwọn méjèèjì. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Ọ̀yọ́, oòrùn mú. Iṣu tí a bọ̀ tí a sì sá sóòrùn a gbẹ, a di èlùbọ́. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, igbó dí, odò pọ̀, òjò sì ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn níbẹ̀, èébu ni yóò bu ohun tí ó sá. Iná ni ó wá ń ṣe iṣẹ́ tí oòrùn ń ṣe níbòmíràn. Òórùn èéfín tí ó wà lára púpurú ni àmì ilẹ̀ tí ó ti wá.

Bí àmàlà bá wá gbajúmọ̀ ju púpurú lọ, ìdí rẹ̀ kò sí nínú adùn. Ó jọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èdè. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tú Bíbélì sí èdè Yorùbá, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbára lé jù. Èdè àjùmọ̀lò tí ó ti ibẹ̀ jáde ṣe gbogbo ènìyàn láǹfààní, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní láti fi ohùn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ilé oúnjẹ ìlú ńlá náà ní èdè àjùmọ̀lò tirẹ̀. Àmàlà àti iyán ni gírámà rẹ̀.

A kò lè dá olóúnjẹ lẹ́bi pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà, búkà, tí a yá lọ́wọ́ Haúsá, àtíbàbà koríko ni ó túmọ̀ sí. Ẹni tí ó ń tajà lábẹ́ irú àtíbàbà bẹ́ẹ̀ kò ní owó tí yóò fi ṣeré. Gàrí kò fẹ́ ju omi gbígbóná lọ kí ó tó di ẹ̀bà. Ní ti púpurú, ó ti gba bí ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, ó sì ti jẹ igi ìdáná púpọ̀, kí ó tó dé ọwọ́ olóúnjẹ. Bí oníbàárà kò bá béèrè rẹ̀, tí kò sì fẹ́ san iye tí iṣẹ́ náà tó, ẹ̀bà ni olóúnjẹ yóò máa tẹ̀.

Ohun tí a lè bá onílé àti olóúnjẹ wí sí ni ìtìjú. Ẹlòmíràn a máa sọ fún àlejò pé púpurú ń rùn, pé oúnjẹ abẹ́lé ni, pé kò yẹ kí a gbé e ka iwájú ẹni tí ó ti òkèèrè wá. Onígbá ni í pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà kí a tó bá a fi kó ilẹ̀. Púpurú tí òórùn rẹ̀ ń léni sá ni èyí tí a kánjú ṣe, tí kò pẹ́ tó nínú omi, tàbí tí iná kò gbẹ dénú. Ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ni àléébù náà wà.

Ohun tí ó lè dé bá oúnjẹ tí kò jáde kúrò nínú ilé ni a rí ní Pópó Àgùdà, ní Erékùṣù Èkó. Gbágùúdá fúnra rẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá; àwọn Potogí ni ó gbé e dé Áfíríkà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Láti Brazil, ní ìhà ayé kan náà, ni àwọn Àgùdà, àwọn tí a ti kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn, ti padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n gbé fùréjọ̀nù bọ̀, ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi omi àgbọn sè, tí a ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Ọjọ́ tí àwọn Onígbàgbọ́ ń rántí ikú Jésù ni a mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Nínú ilé ni a ti ń sè é, tí a sì ń bù ú fún ará àdúgbò. Àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí ó sì dé ní oṣù mìíràn, lè rìn láti Campos dé Tinúbu láì fojú kan oúnjẹ tí a fi ń mọ àdúgbò náà.

Ní Tinúbu yìí ni ilé kan wà tẹ́lẹ̀, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí a sì lò gẹ́gẹ́ bí ilé oúnjẹ àti ilé ọtí. Ilojo Bar ni a wá mọ̀ ọ́n sí. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, a wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi wà lórí ilé náà, kò sì gbà á là. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún Ìkálẹ̀. Bí a tilẹ̀ kọ púpurú sínú ìwé, tí a ń gbé e jáde níbi àjọ̀dún, bí ẹni tí ebi ń pa kò bá lè rí i rà ní ọjọ́ lásán, ìtàn ni yóò dà.

Níbo, nígbà náà, ni àlejò yóò ti jẹun? Kí ó wá olóúnjẹ tí ó mọ ẹni tí ó ṣe púpurú rẹ̀. Kí ó béèrè iye ọjọ́ tí ó lò nínú omi, kí ó sì béèrè bóyá iná ni ó gbẹ ẹ́. Bí a bá gbé e dé, kí ó wò ó: púpurú rere a máa jọ̀lọ̀ láìní kókó, kò gbọdọ̀ ní èérún dúdú, òórùn èéfín rẹ̀ a sì fẹ́ yẹ́ẹ́ láì bo adùn ọbẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó yin alásè, kí ó sì san owó rẹ̀ láì yọ ọ́ kù. Ìyìn àti owó ni yóò mú un rò ó lọ́la.

Ọ̀rọ̀ náà kan onílé ju àlejò lọ. Bí ọmọ Àkótógbò tí ó dàgbà ní Èkó tàbí ní òkè òkun bá padà dé, tí ó sì béèrè ibi tí a ti ń ta oúnjẹ ìyá-ìyá rẹ̀, kò yẹ kí a nawọ́ sí ibojì fún un.